Ìwé Alápá-Irin Tí N Kò Kà Tán

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ra ìwé ìròyìn yìí lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ nítorí abala tèmi, ẹ má wulẹ̀ wá ìwé tuntun kankan níbẹ̀ lónìí. Ìwé àtijọ́ kan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Láti ọdún 1974 ni mo ti fi irọ́ bò ó mọ́lẹ̀, irọ́ náà sì ti rà nínú mi débi pé èmi fúnra mi ń gbóòórùn rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tilẹ̀ tó ogún ọdún tí òtítọ́ fi lé e bá ní agboolé wa ní Ìdèrè, ní ọ̀sán gangan, lójú ọmọdé àti àgbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí, kò sì sí ẹni tó ń bí mi nínú tó ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Babáfẹ́mi Dúrósinmí, ẹni tí ẹ ń pè ní Tíṣà Aláyẹ̀wò, tí ẹ ń kan sáárá sí pé ó mọ ìwé kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Èmi gan-an ni ọkùnrin náà, kò sì mọ ìwé kà. Bó bá mọ̀ ọ́n kà ni, ì bá ka ọ̀kan tán lọ́jọ́ tó yẹ kó kà á tán.

Ẹ rántí bí ìwé onítàn-àwòrán ṣe ya wọ ìlú lẹ́yìn ogun abẹ́lé, àwọn tí ọmọ ilé-ìwé ń pè ní kọ́míìkì. Kò sí ṣọ́ọ̀bù ìwé kan ní Ìbàdàn tí wọn kò fi okùn so wọ́n kọ́ bí aṣọ tí a sá. Àwọn kan ti òkè òkun wá, àwọn mìíràn sì jẹ́ iṣẹ́ àwọn ọmọ wa tó rí ti òkè òkun tí wọ́n ní kí àwọn náà ṣe tiwọn. Ìtàn kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ọkùnrin kan wà tí ìbọn kò ràn, tó ń fò, tí ṣòkòtò há mọ́ lẹ́sẹ̀, tó so aṣọ mọ́ ẹ̀yìn ọrùn bí ọmọdé tó ń fi ìró ìyá rẹ̀ ṣeré. Yóò fi ẹ̀ṣẹ́ fọ́ odindi ilé ìfowópamọ́ nítorí pé ó fẹ́ mú olè kan. Japheth, olóòtú wa ní Ìbàdàn, tí a jọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ló ní kí n máa yẹ̀ wọ́n wò bí wọ́n bá ṣe ń jáde, nítorí àwọn òbí ń bèèrè èwo ni kí àwọn rà fọ́mọ. Ìgbó-Ọrà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Sàlámì awakọ̀ a bá mi gbé ìwé tuntun wá láti Ìbàdàn, a sì gbé ohun tí mo bá kọ padà. Mo máa ń fi àwọn akọni wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ sì máa ń rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ nígbà kan pé Jagun Òfúrufú lágbára tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbé òkè ńlá lé èjìká, ṣùgbọ́n kò sí ojú ewé kan tó ti jẹun, àfi bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń ro ọkà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ fẹ́ràn èyí gan-an. Japheth ní ìwé ìròyìn ti ń tà sí i. “Tíṣà, bó o bá ṣe ń bu àwọn ìwé yẹn tó ni wọ́n ṣe ń rà wá tó,” ló wí fún mi. “Má jẹ́ kó tutù o!” Ọ̀rọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ bà mí jẹ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ṣí ìwé, ibi tí n ó ti bu ú ni mò ń wá. N kò ṣí i láti kà á mọ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí tí ẹ kò mọ̀. Ọmọ Ìdèrè ni mí. Ìgbó-Ọrà ni mo máa ń pè nílùú mi fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, nítorí ohun tí wọ́n máa ń sọ bí wọ́n bá ti gbọ́ Ìdèrè: “Ìlú onísòbìà!” Òótọ́ sì ni pé sòbìà wà níbẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, nígbà tó yẹ kí wọ́n máa wa iṣu, kí wọ́n sì máa fa ẹ̀gẹ́ tu, ọ̀pọ̀ ará ìlú a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n a na ẹsẹ̀, aràn funfun tó gùn bí okùn bàtà a máa yọ lára wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n a máa fi igi kékeré ká a lọ́jọ́ dé ọjọ́. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Nígbà tí kò sí ẹni tí kò ṣe rí, a gbà pé inú ara ló ti wà láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, bí iṣan ṣe wà níbẹ̀, pé ó kàn máa ń bínú jáde ni. N kò bú àwọn àgbà wa. Ẹni tó mu omi adágún lónìí, ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ń bọ̀ ni sòbìà rẹ̀ yóò tó yọ. Ta ni yóò wá rántí omi tó mu lọ́dún tó kọjá? Ìjọba tó yẹ kó gbẹ́ kànga fún wa ni mo lè bú, àwọn tí ojú wọn kò tó ọ̀dọ̀ wa àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gba owó orí. Èmi náà ní sòbìà ní kékeré. Àpá rẹ̀ wà ní ojúgun ẹsẹ̀ òsì mi títí di òní, ó sì jẹ́ kí n máa tiro díẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn ará Ìdèrè tí wọ́n mọ̀ ọ́n, kẹ̀kẹ́ ni mo sọ fún gbogbo ayé pé ó gbé mi ṣubú. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mo sọ ọ́ fún Edith ọmọ mi, mo sì máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì láti fi kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ níwàkuwà. Ṣòkòtò gígùn ni mo máa ń wọ̀, kódà lọ́jọ́ eré ìje.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì yẹn ni Fẹ̀hìntọlá. Láti kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ àwòrán. Bí mo bá ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ojú mi ni yóò máa yà sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó di tíṣà, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ìwé kan ní Ìdèrè. Ní Sátidé kan lọ́dún 1974, ó wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé pẹlẹbẹ kan fún mi. “Tíṣà, iṣẹ́ mi rè é o. Èmi ni mo yà á, èmi náà ni mo kọ ọ́. Ìbàdàn ni wọ́n ti bá mi tẹ̀ ẹ́.” Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀: Alápá-Irin Pàdé Ọ̀tá Rẹ̀. Akọni tó ń fò ni, bíi ti gbogbo àwọn tó kù, àmọ́ dàńṣíkí ló wọ̀, fìlà sì wà lórí rẹ̀. Mo bi í bóyá Yorùbá ni Alápá-Irin ń sọ. “Yorùbá ni, sà, irú èyí tí à ń sọ ní Ìbàràpá níbí. Bẹ́ ẹ bá sọ pé ó dáa, àwọn ilé-ìwé máa rà á fáwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kà á dópin. Ìparí ẹ̀ gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ kọ ọ́.” Mo ṣèlérí fún un. Ẹ má gbàgbé pé mo ṣèlérí.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni Sàlámì máa ń gbéra lọ sí Ìbàdàn, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àárọ̀ Mọ́ńdè náà gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé ọmọlọ́mọ. Alápá-Irin bà sí ìlú kan tí koríko ti bo oko wọn. Ó bá àwọn ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n na ẹsẹ̀, ó sì bi wọ́n pé, “Ta ló lù yín?” Mo ṣí ojú ewé kejì, mo rí tíṣà kan. Ó ń tiro. Ṣòkòtò rẹ̀ gùn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sókè orí rẹ̀ ni pé, “Kẹ̀kẹ́ ló gbé mi ṣubú.” Ọmọ yìí mọ̀! Ọmọ tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kọ́ ní A, B, D mọ àṣírí mi, ó sì ti lọ tẹ̀ ẹ́ síta kí gbogbo ayé lè fi mí ṣẹlẹ́yà. Mo wá ń ṣí ìwé náà lọ bí ẹni tó ń já ewé fún ewúrẹ́. Alápá-Irin wá ọ̀tá ìlú náà títí, ó fọ́ àpáta, ó fa igi tu, kò rí i. Òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó mu omi adágún. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, sòbìà yọ lẹ́sẹ̀ òun náà, kò lè fò mọ́, ó jókòó sílẹ̀ ó ń sunkún. Àárín ìwé gan-an ni mo dé yìí. Sàlámì ti ń fọn fèrè mọ́tò rẹ̀ níta. Mo pa ìwé náà dé, mo mú bíró. “Akọni wo ló ń sunkún nítorí sòbìà?” ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ìwé náà bú àwọn àgbà Ìbàràpá ní ẹlẹ́gbin, pé ó ní omi tí baba wa ń mu ló ń fa sòbìà, nígbà tí ọmọdé pàápàá mọ̀ pé inú ara ni sòbìà ń gbé. Mo ní òbí tó bá fẹ́ràn ìlú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ wọ ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ìwé tó dára jù lọ tí ọwọ́ mi tíì bà, ìwé tí n kò ka ìdajì rẹ̀ tó kù. Ẹ gbọ́, irú aláyẹ̀wò wo nìyẹn? Ẹni tó da ọbẹ̀ nù kó tó tọ́ ọ wò sàn jù mí lọ, nítorí ọbẹ̀ tirẹ̀ ló dà nù.

Japheth fi lẹ́tà gàdàgbà kọ àkọlé rẹ̀: “Ìwé Tó Bú Ìbàràpá!” Ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn tán nígbà tí ọjọ́ kò tíì rọ̀. Lẹ́tà ń wọlé láti Èrúwà, láti Ìgangan, láti Ayétẹ̀, gbogbo wọn ń yìn mí pé mo gbèjà ìran wa. Ìdèrè pàápàá, tí mo ti sẹ́ láàárín àwọn tíṣà, ránṣẹ́ pè mí pé ọmọ àwọn ti gbẹ̀san fún àwọn, wọ́n sì ní kí n wá bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ ní ilé-ìwé. Mo lọ. Ojú kò tì mí. Mo dúró síwájú wọn pẹ̀lú ṣòkòtò gígùn mi, mo ń ju ọwọ́, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ gbogbo ọmọ tó ti rà á, wọ́n kó wọn jọ, wọ́n sì gbé wọn lọ sí ṣáláńgá ilé-ìwé. Èmi ni wọ́n ní kí n ju ti àkọ́kọ́, mo sì jù ú. Fẹ̀hìntọlá dúró lẹ́yìn àwọn tíṣà yòókù, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

Ó wá sílé mi lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yìí. “Tíṣà, ìbéèrè kan péré ni mo bá wá. Tíṣà tó wà nínú ìwé mi yẹn, kí ló ṣe níkẹyìn?” Mo sọ ojú mi di líle. Mo ní, “Èmi ni ìwọ ọmọ àná wá ń dán wò?” Ó wò mí títí. “Ẹ ò kà á,” ló wí. Kò pariwo. “Ẹ ò kà á, sà.” Ó yí padà, ó lọ. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó tọrọ kí wọ́n gbé òun kúrò ní Ìbàràpá, wọ́n sì gbé e lọ sí apá Òkè-Ògùn. Láti ìgbà náà n kò rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kankan mọ́. Bó ti jáde tán lọ́jọ́ yẹn, mo fa ẹ̀dà ìwé tó fún mi yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí i sí àárín. Alápá-Irin ń sunkún. Ọmọbìnrin kan wá bá a, ó ta aṣọ funfun bo ẹnu àmù, ó da omi adágún sí i, ó sì fi àwọn nǹkan wíńníwíńní tó ń jà lórí aṣọ hàn án. “Ọ̀tá rẹ rè é,” ló wí. Ìlú kò gbà á gbọ́. Wọ́n ń pariwo lé e lórí. Ìgbà yẹn ni tíṣà tó ń tiro bọ́ sí àárín wọn, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè. “Kì í ṣe kẹ̀kẹ́,” ló wí, “sòbìà ni. Ẹ má jẹ́ kójú máa tì wá mọ́. Ẹ jẹ́ ká sẹ́ omi wa.” Bí ìlú ṣe gbọ́ nìyẹn. Alápá-Irin wá fi apá rẹ̀ ṣe ohun tí n kò rí kí akọni kankan ṣe rí nínú gbogbo ìwé wọ̀nyẹn: ó gbẹ́ kànga, ó sì fi òkúta mọ etí rẹ̀ sókè kí ẹlẹ́gbò kankan má baà ti ẹsẹ̀ bọ omi mọ́. Nínú àwòrán ìkẹyìn, ó gbé tíṣà náà kọ́ èjìká, gbogbo ìlú ń yọ̀. Ọmọ náà kò fi mí ṣẹlẹ́yà rárá. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi mí ṣe akọni, mo sì sọ ọ́ sí ṣáláńgá.

Ẹ ó rò pé mo dìde lọ́jọ́ yẹn kí n kọ ọ́ pé mo ṣì í. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ìjẹ́wọ́ yìí kì bá gùn tó báyìí. Mo ronú nípa Japheth, mo ronú nípa lẹ́tà ìyìn, mo ronú nípa pàtẹ́wọ́ àwọn ará Ìdèrè. Mo ju ìwé náà sórí àjà. Kò pẹ́ sí i ni àbúrò mi obìnrin, Abíọ́nà, gbé gàrí wá tà ní Ìgbó-Ọrà, ó sì yà kí mi. Abíọ́nà ni wọ́n bí tẹ̀ lé mi. Òógùn rẹ̀ ni mo fi lọ sílé ìwé. Òun ló ń bá ìyá wa ṣiṣẹ́ oko kí èmi lè kàwé. Ó sọ gàrí kalẹ̀, ó nu ojú. “Bàbá Edith, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Rebecca ọmọ mi mú ìwé kan wálé kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Èmi ò mọ̀wé, àmọ́ mo wo àwòrán ẹ̀. Mo rí i pé wọ́n ń taṣọ bo àmù. Ni mo bá wá àgékù aṣọ funfun kan, mo ń fi sẹ́ omi wa, n ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mu ún láìsẹ́. Wọ́n wá ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé irọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé nílé wa. Èwo ni kí n ṣe, ẹ̀gbọ́n mi?”

Ẹ dúró síbí pẹ̀lú mi, ẹ má tíì kọjá. Ibi tó burú jù nìyí. Ìwé náà wà lórí àjà, lókè orí àwa méjèèjì. Mo ti kà á tán. Mo ti mọ̀. Kò sí oníròyìn nínú yàrá náà, kò sí olóòtú, kò sí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́ tàbí tí yóò hó lé mi lórí. Àbúrò mi nìkan ni, obìnrin tó ti ń sẹ́ omi rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Bí mo bá sọ pé, “Máa sẹ́ ẹ lọ,” ó tán. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó wò: yóò délé, yóò sọ fún agboolé, agboolé yóò sọ fún ìlú, ìlú yóò sì ní Tíṣà Aláyẹ̀wò ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Mo mi orí bí ọlọ́gbọ́n. “Inú ara ló wà, Abíọ́nà,” ni mo wí. “Bí wọ́n ṣe bí wa nìyẹn. Fi aṣọ ẹ ṣe nǹkan mìíràn.” Ara rẹ̀ balẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. “Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n mi. Wàhálà ló tilẹ̀ ń bá mi ṣe, àtisẹ́ omi lóròòwúrọ̀.” Ó bu gàrí fún ìyàwó mi kó tó lọ. Mo jẹ gàrí náà.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó tẹ̀ lé e, sòbìà yọ lára Abíọ́nà. Kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n yọ yí orúnkún rẹ̀ po, ó wú, ó di egbò, ẹsẹ̀ náà sì ká jọ, kò ṣeé nà mọ́ títí di òní olónìí. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Oko rẹ̀ di igbó, Rebecca sì fi ilé-ìwé sílẹ̀ láti máa din gàrí dípò ìyá rẹ̀. Wọ́n ní bí sòbìà bá fẹ́ di egbò, olúgànbe là á ké pè. Èmi ni wọ́n ké pè, mo sì ń gbé ewé olúgànbe lọ, mo ń gbé oúnjẹ lọ, gbogbo agboolé ń súre fún mi pé ẹ̀gbọ́n bíi tèmi ṣọ̀wọ́n. Àdúrà yẹn ń ta mí lára bí ata. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan, n kò lè gbójú sókè, òun ló wá ń tù mí nínú. “Ẹ má banú jẹ́ mọ́. Ẹ ṣáà ti sọ pé inú ara ló wà. Ta ló lè sá fún ara ẹ̀?” Ọ̀sẹ̀ náà ni mo jókòó tí mo kọ ìyẹ̀wò lórí akọni mìíràn tó ń fò, mo ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ sì tún rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní ń bá. Mo rò pé òkò tèmi ti bá ẹni tí yóò bá. Irọ́ ni. Nínú oṣù tó kọjá, àwọn wolé-wolé dé Ìdèrè. Àwọn tọ̀tẹ̀ yìí kò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ ìdọ̀tí. Aṣọ tí a lè fi sẹ́ omi ni wọ́n ń pín láti ilé dé ilé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú. Agboolé wa ni wọ́n dé tí wọn kò rí ẹni gbà á. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé èmi ni alákọ̀wé ibẹ̀, kí n wá bá wọn bẹ àwọn ènìyàn mi. Nígbà tí mo dé, Abíọ́nà ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó dí wolé-wolé kan lọ́nà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àyànkúnlé. “Ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ̀wé ìròyìn ti ka ìwé tó sọ ọ̀rọ̀ yìí,” ló ń wí fún un. “Ó ní irọ́ ni. Ṣé ẹ̀yin wá mọ̀wé jù ú lọ ni? Òun náà ló ń bọ̀ yìí, ẹ bi í!” Àyànkúnlé kọjú sí mi. “Ẹ káàsán, sà. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ wí?” Kí n tó dáhùn, ojú mi lọ sẹ́yìn wọn. Rebecca ti di ìyá ọmọ. Ó gbé ọmọ náà lé itan, ó bu omi nínú àmù, ó sì gbé igbá sí i lẹ́nu. Mo sáré. Ó ti pẹ́ tí mo ti sáré kẹ́yìn, èmi tí mò ń tiro. Mo gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo da omi rẹ̀ sílẹ̀, Rebecca sì ké nítorí ó rò pé orí mi dàrú.

Mo ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi sókè. Ó já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo tún un ká. “Kì í ṣe kẹ̀kẹ́,” ni mo wí. “Sòbìà ni. Omi ló ń fà á. Ìwé yẹn sọ òótọ́, èmi ni mo purọ́.” Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ariwo ta ní agboolé. Àwọn kan ní kí n kúrò lójú àwọn, àwọn kan ní bóyá àwọn wolé-wolé ló fún mi lówó. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Abíọ́nà fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde, ó sún mọ́ mi. “Bàbá Edith. Ọjọ́ tí mo gbé gàrí wá sílé yín, tí mo bi yín léèrè. Ṣé ẹ ti kà á tán nígbà náà?” Gbogbo ara mi fẹ́ purọ́. Ó rọrùn: n kò tíì kà á tán, Abíọ́nà, n kò mọ̀. Mo ní, “Mo ti kà á tán.” Kò sunkún. Kò ṣépè. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Rebecca, da omi àmù yẹn nù. Gba aṣọ lọ́wọ́ wọn.” Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé, “Ẹ lọ kọ èyí náà sínú ìwé ìròyìn bẹ́ ẹ ṣe kọ tàkọ́kọ́. Ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ máa ń gbé oúnjẹ wá fún mi o. Ẹ kọ ọ́ pé mo bi yín.”

Japheth kò fẹ́ tẹ èyí jáde. Ó ní yóò ba abala wa jẹ́. Mo ní bí kò bá tẹ̀ ẹ́, n ó gbé e lọ sí ìwé ìròyìn mìíràn, wọn yóò sì rí orúkọ òun náà nínú rẹ̀. Ìyẹ̀wò mi nìyí, ẹ̀yin òǹkàwé: Alápá-Irin Pàdé Ọ̀tá Rẹ̀ ni ìwé akọni tó dára jù lọ tó tíì jáde ní ilẹ̀ yìí, nítorí òun nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ tó ń kà á. Ẹ kò lè rí i rà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù, èyí tó wà lórí àjà mi, mo ti gbé e fún Àyànkúnlé kó máa fi han àwọn ará ìlú bó ṣe ń lọ láti ilé dé ilé. Fẹ̀hìntọlá, níbikíbi tó o bá wà ní Òkè-Ògùn, mo dọ̀bálẹ̀, èmi tíṣà rẹ. Bó o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí. Bí kò bá ṣeé ṣe, má tìtorí mi jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbẹ, tún un yà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ lẹ́tà sí mi pé ẹ fẹ́ di aláyẹ̀wò, ẹ má wulẹ̀ ṣe bíi tèmi. Ẹ ka ìwé tán kí ẹ tó la ẹnu. Bí ẹ bá sì ti la ẹnu tí ẹ wá rí i pé ẹ ṣì í, ẹ yára kó ọ̀rọ̀ yín jẹ nígbà tó ṣì gbóná, nítorí ẹni tó bá gbà yín gbọ́ jù lọ ni yóò bá yín jẹ ìyà rẹ̀. Abala mi parí lónìí. Ohun tí àbúrò mi ní kí n kọ ló kù, mo sì ti kọ ọ́: ó bi mí. Abíọ́nà wá sílé mi, ó bi mí, mo sì mọ̀ ọ́n.